Ẹni Tó Ní Kí A Má Wó Ilé Àtijọ́, Kí Ló Mú Lọ́wọ́?

Ta ló ni ilé àtijọ́? Bí a bá bi lọ́yà, yóò ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀ ni. Bí a bá bi olùkọ́ ìtàn, yóò ní gbogbo wa la ni ín. Lójú tèmi, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tó wà ní Ìta Tinúbú ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà kan, tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, pẹ̀lú ọnà àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n padà wálé láti oko ẹrú ní Brazil pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya rà á. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ó rọrùn láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹbí tó bá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ náà. Òrùlé ń jò, ògiri ń sán, òfin sì ní wọn kò gbọdọ̀ wó o láìgba àṣẹ. Àwa tí a fẹ́ kí ilé náà wà, ìgbà tí a bá fẹ́ ya fọ́tò nìkan la ń yọjú síbẹ̀. A kì í béèrè iye tí páànù jẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Kí ènìyàn máa jẹ adùn ohun kan, kó má bá wọn pín nínú ìnáwó rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Àwọn kan yóò ní, kí ló kàn wá? Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ níbí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fún ara wọn mọ́ yàrá kan. Wọn yóò ní ilé alààyè ló yẹ ká máa kọ́, kì í ṣe ká máa tọ́jú ilé òkú. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi náà kò sọ pé kí gbogbo ilé tó ti gbó wà títí láé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tó ń kọ́ni ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ni.

Mo mọ èyí lọ́jọ́ tí kíláàsì wa wọ bọ́ọ̀sì láti Òṣòdì lọ sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láti 1882; Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Mo dúró níbi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n kan wà, mo na apá mi méjèèjì. Apá mi ló sọ bí ibẹ̀ ṣe há tó fún mi, kì í ṣe ìwé. Nígbà tí a dé Ìta Tinúbú lọ́jọ́ kan náà, ìka nìkan ni olùkọ́ wa lè nà sí ibi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀.

Kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi yè? Láti 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé, àwọn tó ń wọlé sì ń sanwó. Bákan náà ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró, nítorí àwọn ènìyàn ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé tó níṣẹ́ lọ́wọ́ a máa rí ẹni tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ìjọba bá sọ pé ilé kan di ti gbogbo ayé, kí ó dín owó ilẹ̀ kù fún ẹni tó ni ín, kí ó sì bá a tún un ṣe. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa kó ọmọ lọ síbẹ̀, kí àwọn òbí má sì ráhùn nítorí owó ìwọlé. Bí a bá fẹ́ kí onílé gbà pé tiwa náà ni, ẹ jẹ́ kí ó rí wa lọ́jọ́ tí òrùlé bá ń jò.