ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ÌGÉKÙ PÁKÓ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ TÓ Ń ṢERÉ

Òní Sátidé ni, ọ̀pọ̀ nínú yín á wà nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí di òní.

Bíbélì kíkà: Sekaráyà 8:1-8

Ẹ ṣí i, ẹ kà á fúnra yín. Àwọn tó ti ìgbèkùn Bábílónì dé ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìlú ti di àlàpà, tẹ́ńpìlì ò sì tíì parí. Láyé ọba Dáríúsì kan náà, wòlíì Hágáì ti sọ fún wọn (Hágáì 1:8) pé kí wọ́n gun òkè lọ gbé igi wá láti fi kọ́ ilé Olúwa. Ẹ rí i pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ júwe bí ìlú náà á ṣe rí tí Òun bá padà síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ wúrà, kò sọ̀rọ̀ ọmọ ogun. Ní ẹsẹ 4, àwọn àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ ló kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, pé wọ́n á jókòó ní ìgboro. Ní ẹsẹ 5 ló wá ní ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin á kún ìgboro náà, wọ́n á máa ṣeré.

Eré o! Olódùmarè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ka eré ọmọdé mọ́ àmì pé àlàáfíà ti wọ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí Olúwa bá yọjú sí ẹ̀yìnkùlé yín nírọ̀lẹ́ òní, kí ni Ó máa bá níbẹ̀? Nílé ẹlòmíì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti tẹjú mọ́ fóònù ní igun tirẹ̀, bàbá ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn wà nílé, kò sẹ́ni tó wà pẹ̀lú ẹnì kejì. Mi ò bá fóònù jà o, orí rẹ̀ náà lẹ ti ń ka èyí.

Ẹ̀yin bàbá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, pàápàá ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ lásìkò yìí. Mo mọ arákùnrin kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í tètè wọlé mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ládùúgbò ló máa ń jókòó sí títí àwọn ọmọ á fi sùn, torí kò fẹ́ kí wọ́n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí á mọ̀ pé ìtìjú bàbá níwájú ọmọ máa ń dunni ju ebi lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, káfíńtà yẹn fẹ́ kó ìgékù pákó fún àwọn tó ń fi dáná, ó ní kó ṣà nínú rẹ̀ bó bá wù ú. Ó ṣa pákó pẹlẹbẹ kan àti wẹ́wẹ́ díẹ̀ lọ sílé.

Ó fa ilà sí pákó pẹlẹbẹ yẹn, ojú 10 níbùú, 10 lóròó, ó kun ìdajì rẹ̀ dúdú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ ṣa ìdérí ìgò mínírà wá, 20 fún ẹnì kan, 20 fún ẹnì kejì, wọ́n da ojú ti apá kan dé kó má bàa dàrú. Dírááfù ti dé nìyẹn. Kọ́bọ̀ kan ò jáde. Ó ha àwọn wẹ́wẹ́ náà dán, ó ń tò wọ́n dúró fún àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn á ju bọ́ọ̀lù lù wọ́n, wọ́n á wó, á tún pariwo pé kí wọ́n tún un tò.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin yẹn ń ta lọ́wọ́, kò gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ṣé wọ́n ti dá yín dúró níbi iṣẹ́ ni?" Ìbéèrè tí bàbá yẹn ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ló kàn o, Dádì. Ẹ ta."

Ará, Deutarónómì 6:7 ní ká máa bá àwọn ọmọ wa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nígbà tá a bá jókòó nínú ilé wa. Ìjókòó yẹn gan-an ló ń wọ́n wa. Mátíù 13:55 pe Jésù ní ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, Máàkù 6:3 sì pe Òun fúnra rẹ̀ ní gbẹ́nàgbẹ́nà. Bíbélì ò sọ ohun tí wọ́n kàn fún wa, ṣùgbọ́n ta ló ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ láìjókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ẹlòmíì á ní, "Ajíhìnrere, ṣé dírááfù àti ayò kì í ṣe eré àwọn onítẹ́tẹ́?" Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, tẹ́tẹ́ ni, ẹ sá fún un. Pákó ò dẹ́ṣẹ̀. Bí ẹ bá rí pákó tó nípọn, ẹ gbẹ́ ojú 12 sí i, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. (Àjẹkù tí wọ́n kó jọ nínú Jòhánù 6 náà kún agbọ̀n 12, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di ìfihàn o!) Kí ẹ wá pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kó wá kọ́ wọn. Ẹsẹ 4 àti ẹsẹ 5 á wà ní àgbàlá kan náà.

Ẹ yọ ìṣó inú pákó kẹ́ ẹ tó fún ọmọ, ẹ ha ojú rẹ̀ dáadáa kí ègún igi má gún wọn. Pákó òrùlé tí wọ́n ti fi oògùn ìkán kùn, tó ń rùn, ẹ má lò ó fún ọmọdé rárá. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá tọ́mọ, ẹ̀yin náà lè fa ilà sórí pákó, kò dìgbà tí ọkùnrin bá wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, bàbá tí ojú ń tì láti wọlé lónìí, mú un wọlé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó sùn. Fún un lẹ́nu láti dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í. Ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fún un. Kí ìró eré má ṣe di àwátì ní àgbàlá wa, lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ tètè yà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà o, kí wọ́n tó kó o lọ dáná.