Nígbà Tí A Bá Ń Wẹ Ọmọ

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 1:26–31, Lúùkù 24:36–43, 1 Kọ́ríńtì 12:22–24

Bí obìnrin bá bímọ nílé kan ní Ìkòtún tàbí Ìgàndó l'Ékòó, kì í pẹ́ tí ìyá àgbà fi ń dé láti ìlú pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọwọ́ wọn ni ìwẹ̀ ọmọ ń bọ́ sí. Wọn á jókòó sórí àpótí, wọn á na ẹsẹ̀, wọn á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn á fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, wọn á nà án lápá, wọn á nà án lẹ́sẹ̀, wọn á fi òróró àgbọn pa á lára látòkèdélẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e fún ìyá rẹ̀ pé kó fún un lọ́mú, wọn á wo etí rẹ̀. Etí ni àwọn àgbà fi ń mọ àwọ̀ tí ọmọ yóò ní tó bá yá, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló máa ń pupa nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn.

“Á dúdú o.”

Ní ilé kan, gbólóhùn yìí á mú ẹ̀rín wá, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọ náà ní adúmáadán. Ní ilé mìíràn, ìyá ọmọ á fajú ro. Kò ní pẹ́ tí ìpara kan tí kò ní orúkọ lára, tí ẹnì kan pò sínú ike lọ́jà, á fi wọlé, tí wọ́n á ní kò ní jẹ́ kí ọmọ dúdú. Ìdílé onígbàgbọ́ ni o. Àwọn kan náà ló gbé ọmọ yìí síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n dúpẹ́ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Lọ́jọ́ kẹfà, Ọlọ́run wo gbogbo ohun tó dá, ara ènìyàn wà lára wọn, ó sì dára lójú Rẹ̀ gidigidi. Erùpẹ̀ ló fi mọ ara náà, kò sì kórìíra àwọ̀ erùpẹ̀. Ohun tó mú awọ wa dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹ́lánìn, ààbò ni lọ́wọ́ oòrùn. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é lára òyìnbó àti lára wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí tiwa ṣe ń pèsè rẹ̀ tó ni kò dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ìyá tó bá ń bá dúdú jà lára ọmọ ọwọ́ ń bọ́ ohun tí Ẹlẹ́dàá fi dáàbò bo ọmọ náà kúrò lára rẹ̀.

Ìpalára ìpara náà pọ̀. Mẹ́kúrì tó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ kan máa ń ba kíndìnrín jẹ́, awọ ọmọdé sì fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ. Èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú máa ń sọ awọ di tín-ín-rín títí á fi ṣòro fún dókítà láti rán ọgbẹ́. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá àgbà NAFDAC, kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera nílẹ̀ wa. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata ti 2013, tó ń lé mẹ́kúrì kúrò nínú irú ìpara báyìí. Ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba kì í bá wa dé balùwẹ̀. Àwa òbí ló wà níbẹ̀.

N kò ní kí ẹ má fi nǹkan pa ọmọ lára o. Bí ara bá ń yún un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndó, kí wọ́n fún un ní èyí tó bá a mu. Ọmọ tó jẹ́ àfín nílò fìlà, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn, torí Ọlọ́run yìí kan náà ló dá a. Ìtọ́jú nìyẹn.

Ìwàásù kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ ara bí ẹni pé ti Èṣù ni, pé ọkàn nìkan ni Ọlọ́run ń wá. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà. Àwọn kan ń sọ láyé àtijọ́ pé Jésù kò ní ara gidi, Àpọ́sítélì Jòhánù sì ta kò wọ́n (1 Jòhánù 4:2). Wọ́n fi ọ̀já wé Jésù, Ó mu ọmú, wọ́n kọ Ọ́ nílà lọ́jọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn tó jíǹde, Ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fọwọ́ kan Òun, Ó sì jẹ ẹja níṣojú wọn. Ara tí Màríà gbé pọ̀n ni Ó gbé gòkè lọ sọ́dọ̀ Baba.

Ibi tí aṣọ ń bò náà ńkọ́? Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé ẹ̀yà tí àwa kà sí aláìníyì ni Ọlọ́run bu ọlá fún jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ orúkọ imú àti orúnkún, ṣùgbọ́n “Yọwọ́ níbẹ̀!” nìkan ni wọ́n mọ̀ nípa ibẹ̀. Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ fún un kò ní rí i sọ fún yín bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ ibẹ̀ nígbà ìwẹ̀, láìjágbe. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Ọlọ́run ló dá ibẹ̀, pé ó dára, pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ àǹtí, ì báà jẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ pásítọ̀, àfi ẹni tí ẹ̀yin òbí fi ṣe alágbàwẹ̀ rẹ̀, tàbí dókítà níṣojú yín. Bí ó bá wá sọ ohun burúkú fún yín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ sínú ọ́fíìsì ìjọ. Mirabel Centre, tí wọ́n ṣí ní 2013 ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí bàbá náà wà níbi ìwẹ̀, kó di táwẹ́ẹ̀lì mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kó dé Ẹgbẹ́dá kí ọmọ tó sùn. Kó jẹ́ Sátidé nígbà náà. Bí ẹ ti ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ẹ máa dúpẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ lo mọ ọmọ yìí nínú ìyá rẹ̀. A dúpẹ́ fún dúdú rẹ̀, fún ẹsẹ̀ tó fi ń tàpá, fún gbogbo ibi tí aṣọ bò. Ìtìjú tí wọ́n fi tọ́ àwa òbí rẹ̀, má jẹ́ kó jogún rẹ̀. Ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni ibi nílé, nílé ìwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní orúkọ Jésù tó gbé ara wọ̀ nítorí wa. Àmín.