Fífi Olúwa Kún Òrìṣà

Kà: 2 Àwọn Ọba 17:24-33

Ní nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú ìbí Kristi, Samáríà bọ́ sọ́wọ́ Ásíríà. Wọ́n kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ, wọ́n sì kó àwọn ará Bábílónì, Kúta, Hámátì àti ìlú mìíràn wá rọ́pò wọn. Ará Kúta ní Nérígálì, ará Hámátì ní Áṣímà. Nígbà tí kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ọba rán àlùfáà kan wá láti kọ́ wọn ní ọ̀nà Olúwa.

Wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò lé àlùfáà náà. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rù Olúwa. Ṣùgbọ́n Nérígálì kò kúrò níbi tó wà. Olúwa wà fún ọ̀rọ̀ kìnnìún, àwọn yòókù wà fún ọ̀rọ̀ mìíràn! Ẹni tó ń bọ púpọ̀ kì í kọ̀ láti fi ọ̀kan sí i.

Mo mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Nígbà tí mo wà ní poli, èmi ni mo ń darí àdúrà ní fẹ́lóṣíìpù wa, síbẹ̀ òǹdè tí wọ́n fún mi nílé wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mi ò pè é ní òrìṣà o. Mo kàn ní bóyá yóò wúlò lọ́jọ́ ìdánwò. Lọ́jọ́ tí mo jù ú sí ṣáláńgá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kí ló wà nísàlẹ̀ àpótí tìrẹ?

Àdúrà: Olúwa, fún mi lágbára láti gbé e jù nù lónìí, ní orúkọ Jésù.