Ọmọbìnrin Ìlú Fílípì àti Àwọn Tí Ń Kiri Sìgá Lóru

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:16-24

Ìtàn ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí a máa ń kà kọjá kíákíá, nítorí pé ìtàn onítúbú tí ó tẹ̀lé e ti gba ọkàn wa. Ẹrúbìnrin ni ọmọ náà, ó sì ní ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ. Àwọn ènìyàn a máa san owó kí ó lè sọ tẹ́lẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn olúwa rẹ̀ ni ó ń kó owó náà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí náà jáde, kò sí ọ̀kan nínú àwọn olúwa wọ̀nyí tí ó bá ọmọ náà yọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé ọ̀nà èrè wọn ti dí. Wọ́n fa Pọ́ọ̀lù àti Sílà lọ sí ọjà níwájú àwọn aláṣẹ; síbẹ̀ wọn kò dárúkọ owó nínú ẹ̀sùn wọn rárá. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń da ìlú rú ni.

Iṣẹ́ kan wà ní ayé òde òní tí ó jọ ti ọmọbìnrin yìí. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1920 sí 1950, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin a máa kiri sìgá nínú àwọn ilé ijó alẹ́. Wọn a fi ọ̀já gbé àtẹ kọ́ ọrùn, wọn a to sìgá àti ìṣáná sí i, wọn a sì máa rìn láti ìdí tábìlì kan dé ìdí òmíràn, pẹ̀lú aṣọ tí a yàn fún wọn àti ẹ̀rín tí í ṣe ti iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti san owó fún onílé ijó láti gba àyè ìtajà náà, òun ni ó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Oníbàárà tí ó fi owó lé orí àtẹ rò pé òun ń ta ọmọ náà lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba àyè ni ó ń kó owó náà lọ, tí ọmọ náà sì ń dúró de owó iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tó nǹkan. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ta sìgá dé, a kò fi bẹ́ẹ̀ wá wọn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni èyí. Ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ọtí ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ wa ń gbé àtẹ sìgá, ìṣáná, gọ̀mù àti obì títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń ta sìgá náà, bẹ́ẹ̀ ni òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí tábà ti ka títà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, ó sì ti ka títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 léèwọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà alátẹ ni ó dúró sí ibi tí ọwọ́ òfin ti lè tètè bà á. Ẹni tí èrè pọ̀ sí lọ́wọ́ ń sùn ní ilé rẹ̀.

Àwa sì mọ ohun tí ó wà lórí àtẹ náà. Ní ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, fi hàn pé sìgá mímu bá àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró tan. Ní ọdún 1964 ni olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kéde bákan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju 7,000,000 lọ, àti pé àwọn tí ó ju 1,000,000 lọ nínú wọn kò mu ún. Èéfín àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú. Alátẹ tí kò fi sìgá kan ẹnu rí ń bẹ nínú èéfín náà láti alẹ́ dé òru.

Kí ni kí Ìjọ wí? Ìdáhùn méjì ni ó rọrùn fún wa. Àwọn kan yóò bú ọmọ náà, wọn yóò ní kò ní ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, kí a fi í sílẹ̀ kí ó rí oúnjẹ jẹ. Pọ́ọ̀lù kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò bú ọmọbìnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ẹ̀mí tí ó dè é ni ó bá wí, àwọn tí ń jèrè lára rẹ̀ ni ó sì bínú.

Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa ibi tí ọmọ náà jẹun ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ó sọ pé Lìdíà wà ní ìlú kan náà, oníṣòwò aṣọ elésèé-àlùkò, tí ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará. Bí a bá wí fún alátẹ pé kí ó fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, tí kò sì sí Lìdíà láàárín wa, ààbọ̀ ìhìnrere ni a wàásù fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ránṣẹ́ pe alátẹ níbi ìnáwó yín, ẹ mọ̀ pé owó yín ni ó ń mú un dúró ní òru. Ẹ̀yin tí ilé ọtí jẹ́ tiyín, tí a ń kọ́kọ́ pe orúkọ yín nígbà ìkórè, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ó gbé ẹrù èrè náà lọ́rùn. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ń tòògbé ní kíláàsì ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ bèèrè ibi tí ó wà ní agogo méjì òru. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, tí ẹ ní àpótí owó, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ọmọ kan sí ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, tàbí láti yá a ní owó ọjà tí yóò lè tà ní ọ̀sán gangan. Ọmọ kan péré ni kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí, inú àwọn kan lè má dùn sí wa, àwọn mìíràn lè ní a ń da ìlú rú. Ohun tí wọ́n sọ sí Pọ́ọ̀lù ní Fílípì náà nìyẹn. Kí Olúwa tí ó rí ẹrúbìnrin náà láàárín ọjà jẹ́ kí àwa pẹ̀lú rí àwọn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.