Òfin Keje: Ta Ni Ó Ni Ohun Tí Gbogbo Wa Dáwó Ṣe?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, nígbà tí a bá ń kọ́ òfin keje, èyí tí ó ní kí a má jalè, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó já àpò gbà ní ọjà Ouando, tàbí ẹni tí ó jí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ń bi wá pé: nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pawọ́ pọ̀ ṣe ohun kan, ta ni ó lè dìde wí pé, “Tèmi nìkan ni”?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan kò ní omi. Bàbá àgbà kan mọ ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀, nítorí pé àwọn baba rẹ̀ ti fi hàn án. Àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, wọ́n gbẹ́ kànga títí wọ́n fi kan omi. Owó wọn tán kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi náà. Ọlọ́rọ̀ kan wá, ó ra ẹ̀rọ, wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí òun nìkan máa ta omi. Nígbà tí ó yá, ọlọ́rọ̀ náà wọ gbèsè, ó sì kó kúrò ládùúgbò. Omi wà nínú kànga, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó lọ, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ọmọ. Ta ni ó ni kànga náà?

Èyí kì í ṣe àlọ́ lásán. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ẹnu ààlà wa, lórí oògùn àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ igbe ọmọ tí egungun ń ro lóru.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ogunyale, ọmọ Yorùbá, ni àgbo àrùn yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1992, ó fi àṣírí rẹ̀ han NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba Nàìjíríà ní Abuja. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Àwọn onímọ̀ NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ṣe olórí wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwádìí tí owó ará ìlú ń gbé ró. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Kò wo àrùn náà tán, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí wọn ó dín iye ìgbà tí ìrora ń kọlu àwọn aláìsàn kù. Ní ọdún 1998, NIPRD gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Brevet ni àwa ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀: fún ogún ọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

NIPRD kò ní agbára láti máa ṣe oògùn náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2002, ó fún Xechem, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ní àṣẹ kí ó dá nìkan máa ṣe é. Ní 2006, oògùn náà jáde pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè bo Xechem mọ́lẹ̀, ó sì lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé òun kò lè san án. Oògùn di àwátì. Osùn kò tán nínú igbó, ìmọ̀ náà kò sì kú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí ọwọ́ aláìsàn kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a dájọ́ láìṣègbè. Oníṣègùn ní ẹ̀tọ́, nítorí pé láìsí ìmọ̀ àwọn baba rẹ̀, kò sí oògùn. Àwọn onímọ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí làálàá wọn. Ará ìlú ní ẹ̀tọ́ lórí owó orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́, nítorí pé ó fi owó rẹ̀ wewu, Olúwa wa sì kọ́ wa pé owó iṣẹ́ tọ́ sí alágbàṣe. Bí a bá ní kí ó má jèrè rárá, ta ni yóò tún ra ẹ̀rọ? Ṣùgbọ́n ẹnì karùn-ún wà tí a kì í sábà pè síbi tí a ti ń fọwọ́ sí ìwé: aláìsàn.

Ní 1991, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kọ ọ́ nínú Centesimus Annus pé ìmọ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ti di ohun ìní tí kò kéré sí ilẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí Ìjọ fi kọ́ wa nípa ilẹ̀ kan ìmọ̀ náà: Ọlọ́run dá ohun ayé fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó ni wọ́n sì jẹ́ ìríjú. Ní 2009, nínú Caritas in Veritate, Póòpù Bẹ́nẹ́díkítì Kẹrìndínlógún bá àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wí nítorí pé wọ́n ń le koko jù lórí ẹ̀tọ́ ìmọ̀, pàápàá nípa ìlera.

Nítorí náà, ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó iṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́. Owó iṣẹ́ tọ́ sí gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá sì fi dù wọ́n ń jalè. Ṣùgbọ́n kànga tí gbogbo àdúgbò dáwó gbẹ́, kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan títí láé. Ẹni tí ó ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, ọjọ́ tí omi kò bá jáde mọ́, kọ́kọ́rọ́ yóò padà sílé. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ẹ lè wí pé, “Kí ni èyí kàn mí, èmi tí mo ń ta gààrí?” Ó kàn yín. Owó tí ẹ ń san lórí àtẹ yín wà nínú owó ìlú. Lọ́la, wọ́n lè fi yín ṣe akápò ẹgbẹ́, tàbí kí ìyá àgbà fi ewé kan hàn yín kí ó tó kú. Ní ìlú wa níhìn-ín, láti ọdún 1985 tí Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dòmíníkì, ti dá Centre Songhaï sílẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ kí wọ́n lè lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ìmọ̀ tí a fi kọ́ ẹlòmíràn kì í dín kù lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ni.

Fún àṣàrò:
1. Ohun àjọní wo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi lónìí?
2. Bí mo bá kú tàbí tí mo wọ gbèsè, ǹjẹ́ àwọn tí ó nílò rẹ̀ yóò rí i lò?
3. Owó iṣẹ́ ta ni mo ṣì jẹ?