Kí Ni Ọmọ Ń Kọ́ Nígbà tí Ọdún Ẹ̀kọ́ Bá Ń Parí Lọ?

Nígbà tí oṣù Keje bá wọlé, tí òjò sì ti mú ilẹ̀ rin gbingbin, agbára káká ni ẹ fi lè kọjá níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa tí ẹ kò ní gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí ń ka àkàtúnkà. Ìdánwò sáà kẹta ni ó dé. Àwọn ti kíláàsì kẹta ń ka ìsọdipúpọ̀ bí ẹni ń kọrin. Àwọn ti kíláàsì kẹrin ń pín ọsàn tí a yà sójú pátákó sí ìdá méjì àti ìdá mẹ́rin. Àwọn àgbà inú wọn ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tí ń gbé ìlú òkèèrè, ẹ̀gbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní.

Bí a bá bi olùkọ́ léèrè ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní àkókò yìí, yóò dáhùn pé wọn kò kọ́ ohun titun kan mọ́, pé àtúnyẹ̀wò ni òun ń bá wọn ṣe. Èmi pàápàá ti fi ẹnu ara mi wí bẹ́ẹ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé kì í ṣe òtítọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ̀nyí gan-an ni ọmọ ń kọ́ ohun tí yóò bá a dàgbà ju ìṣirò lọ: ó ń wo ojú àwọn àgbà tí ó yí i ká, ó sì ń mọ ohun tí ẹ̀kọ́ jẹ́ lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé-ìwé kan tí èmi kì yóò dárúkọ, opó kan tí ń ta ẹ̀kọ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń kọ káàdì èsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi pàdánù ọdún kan." Ọmọ náà gba máàkì 31 nínú ìṣirò; 40 ni a fi ń gòkè. Mo kọ 41 sí káàdì. Mo pè é ní àánú, mo sì sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà.

Ní ọdún kejì, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ń pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọmọ náà kò lè yọ àádọ́ta kúrò nínú ọgọ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jí ìwé wò. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí olùkọ́ rẹ̀ titun mú pàṣán, ó ní, "Wọ́n kọ máàkì tí n kò gbà sínú káàdì mi lọ́dún tó kọjá, ta ni ó nà wọ́n?" Mo ti dá ìwé ìdánwò rẹ̀ padà fún un kí n tó kọ káàdì náà, ó sì mọ̀wé tó láti mọ̀ pé 31 kì í ṣe 41. A máa ń pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò sọ fún wa ohun tí ọmọ tí a kọ́ ní irọ́ yóò tà.

Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe ti òde-òní nìkan. Ní ọdún 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tí Robert Lowe ṣe agbátẹrù rẹ̀, pé bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí níwájú ìsípẹ́kítọ̀ nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni a óò fi mọ iye owó tí ilé-ìwé yóò gbà. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú òfin ẹ̀kọ́ tí a ṣe fún Èkó ní ọdún 1882. Kí ni ó tẹ̀lé e? Olùkọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ sọ ọmọ di ayékòótọ́. Matthew Arnold, akéwì tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ ìsípẹ́kítọ̀, tako òfin náà, nítorí pé ó ń sọ ìkọ́ni di iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, ǹjẹ́ àánú burú bí? Bí mo bá ti dá ọmọ náà dúró, ṣé kì í ṣe ìtìjú ni òun ì bá kọ́, kí ó sì gbà pé olódo ni òun títí ayé? Ìbéèrè yìí lágbára, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Opó náà kò purọ́: aṣọ ilé-ìwé àti ìwé ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ọ̀ràn náà dáadáa, mo rí i pé àánú tèmi kò ná mi ní nǹkan kan àfi yíǹkì ẹ̀kán kan. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà níwájú mi nígbà náà. Mo lè kọ́ ọmọ náà ní ìyọkúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. N kò fẹ́ fi ìsinmi mi sílẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, èmi àti olùkọ́ méjì ń jókòó ti àwọn tí kò yege ní òwúrọ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, a sì ń tún wọn dán wò kí kíláàsì titun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsànán. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n ní ọdún tí ó kọjá. Méje gòkè; mẹ́rin tún kíláàsì wọn kà, máàkì tí wọ́n gbà gan-an ni ó sì wà nínú káàdì wọn. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà kò kí mi mọ́ títí di òní.