Aṣọ Ta Ni Fáírọ́ọ̀sì Lassa Wọ̀?

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ibà Lassa ṣọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ológun 44 ní Kàdúná. Àdúgbò Ungwan Shanu ò jìnnà sí irú ewu bẹ́ẹ̀, inú ìlú kan náà ló wà: eku ń wọlé lóru, gàrí wà nínú àpò, ìtọ̀ eku lórí oúnjẹ sì tó láti kó àrùn náà ranni.

Tírú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti dókítà. Ta ló rán an? Kí ni olóògbé ṣe? Nígbà ayé ìgbóná, àwọn baba wa ní Ṣọ̀pọ̀ná ló ń bínú. Mùsùlùmí a ní àdánwò ni, Kìrìsìtẹ́nì a ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Gbogbo wọn gbà pé ìta ni ibi ti ń wọlé.

Àwọn tó ń yẹ ṣúgà ara fáírọ́ọ̀sì wò ti da ọ̀rọ̀ náà rú. Pùròtéènì mẹ́rin péré ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ní, kò sì sí èyí tó lè fúnra rẹ̀ ṣe ṣúgà. Tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì èèyàn, sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ló ń so ṣúgà mọ́ pùròtéènì tó wà lójú fáírọ́ọ̀sì náà, bó ṣe ń so ó mọ́ ti ara wa. Ní 2018, Yasunori Watanabe, Max Crispin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gé pùròtéènì náà wẹ́wẹ́, wọ́n wọn ìwúwo ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi mọ irú ṣúgà tó wà níbẹ̀. Ojúkò 11 ni ṣúgà ti so mọ́ ẹyọ kan. Ẹyọ mẹ́ta ló ń para pọ̀, ó di 33.

Aṣọ wa ló wọ̀. Sójà ara wò ó, ó rí ṣúgà ilé, ó yà fún un.

Ṣúgà mìíràn, tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì, ni fáírọ́ọ̀sì náà ń dì mú kó tó wọlé, jíìnì tí wọ́n ń pè ní LARGE ló sì ń ṣètò ṣúgà ọ̀hún lára sẹ́ẹ̀lì. Ní 2007, Pardis Sabeti àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n yẹ̀ wò, àmì wà pé ìyàtọ̀ kan nídìí jíìnì yìí tàn kálẹ̀ kíákíá. Wọ́n fura pé Lassa ló fà á. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àrùn tó gborúkọ ní 1969, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì Laura Wine kó o nílùú Lassa, ti ń bá àwọn baba ńlá wa fínra tipẹ́.

Àwọn àgbà kúkú ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀sùn ló wà nínú òwe yẹn: ará ilé kan ló dalẹ̀. Ta wá lọ̀dàlẹ̀ níbí? Sẹ́ẹ̀lì tó so ṣúgà ò ṣẹ̀. Láìsí iṣẹ́ yẹn, ọlẹ̀ inú kò ní dọmọ. Ẹni tó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ òkú kiri ò ní rí nǹkan kan mú.

Ìṣòro onígbàgbọ́ ló wá le sí i, nítorí oore Ẹlẹ́dàá gan-an ni àrùn fi bora. Àmọ́ lára àwọn tó la Lassa já ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n rí sójà ara kan tí wọ́n sọ ní 37.7H. Ní 2017, Kathryn Hastie, Erica Saphire àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ìsàlẹ̀, níbi tí ẹyọ méjì pùròtéènì náà ti pàdé, ló ti gbá a mú. Ara kan náà tó rán aṣọ fún un ló wá ibi tí aṣọ ò bò, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣe àjẹsára Lassa ń wò báyìí.